Ìpè Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀gà kan ló kú sórí àga Eustache Ṣóbándé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọ́n ti fi òwú dúdú dì í lẹ́nu pinpin, wọ́n sì tẹ́ ẹ síbi tí Eustache máa ń fìdí lé. Fèrèsé búrò tó ti ń ṣiṣẹ́ wà ní títì. Ilẹ̀kùn náà wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló sì wà fún un: ọ̀kan wà lápò Eustache, èkejì wà lọ́wọ́ Fiacre, Fiacre kì í sì í ṣe ẹni à ń fura sí.

Ẹni tó bá ń gbé láàárín Pobè àti Sakété tó ní òun ò mọ Eustache, àlejò ni onítọ̀hún. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ka ìròyìn àárọ̀ ní èdè Ànàgó lórí rédíò kékeré kan ní Pobè. Lẹ́yìn ìròyìn, àwọn ará ìlú á máa pè lórí fóònù. Kí ẹni tó pè tó sọ orúkọ rẹ̀ rárá ni Eustache ti máa ń ké pé, “Mo ń gbọ́ o!” Àwọn ọmọdé a máa fi ṣeré. Nígbà tí ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti gbẹ́ kànga fún àwọn ará Igana, tí kànga kankan ò sì sí, Eustache gbé míkírò lọ síbẹ̀, ó ju òkúta lu ilẹ̀ gbígbẹ, ó ní kí gbogbo ayé wá gbọ́ ohùn omi. Kò pé oṣù mẹ́ta tí kànga fi dé.

Ní èṣí ló fi rédíò sílẹ̀ lọ bá Léandre ṣiṣẹ́. Léandre fẹ́ di depité nílé aṣòfin, ó lówó, ó lójú, ṣùgbọ́n Cotonou ló dàgbà sí, Ànàgó tirẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ oyè gígùn kan lédè Faransé sára káàdì Eustache, pé òun ni olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn ará ọjà gé e kúrú, wọ́n ní “ẹnu Léandre”.

Ẹnu náà ló ti ń há láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bí Eustache bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ á fọ́, á dì, á sì pòórá, kó tó padà wá. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ sì ni àríyànjiyàn ìkẹyìn lórí rédíò Sakété, nígbà tó máa dojú kọ Martial, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ kejì. Àwọn tó wà ní rédíò Pobè ti fi ẹlòmíràn sórí àga rẹ̀. Oko kò sí, ṣọ́ọ̀bù kò sí. Ohùn yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé.

Fiacre fi ọwọ́ lásán gbé ẹ̀gà náà, ó jù ú sẹ́yìn ọgbà.

“Fòfó, Martial ni,” ló wí, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́hùn-ún. “Ẹ má tan ara yín. Ẹ jẹ́ ká lọ bá Ìyá Berthe oníṣègùn ní Issaba.”

Fiacre ni ẹni tó ń di ẹ̀rọ mú fún Eustache láti ọdún méjìdínlógún. Ọmọ Igana ni, ìyá tó bí i kú lórí ìkúnlẹ̀, kò sì rí ẹni fún un ní oríkì. Nígbà tó dé Pobè láti wá ṣiṣẹ́, Ìyá Eustache ló gbà á sílé. Ó ní ọmọ tí kò ní oríkì kò yàtọ̀ sí ilé tí kò lórúlé. Ó pe Eustache tirẹ̀ ní Àjàmú, ó wá sọ Fiacre ní Àkàndé. Láyé yìí, ẹnìkankan kò fi orúkọ méjèèjì pè wọ́n bí kò ṣe obìnrin yẹn, ó sì ti pé ọdún méje tó ti kú.

*

Ìyá Berthe ń ṣa ekùrọ́ lábẹ́ igi ọ̀pẹ nígbà tí ọ̀kadà Fiacre gbé wọn dé Issaba. Arúgbó ẹ̀yà Ohori ni, ilà kún apá àti ikùn rẹ̀, kì í sì í gbé ojú sókè títí àlejò á fi kí i tán. Eustache kí i. Ọwọ́ ìyá náà dúró.

“Ohùn rẹ ti di ìlàjì,” ló wí. “Ìdajì tó kù, wọ́n ń fà á. Ẹni tó ń fà á kò sì jìnnà.”

Ó gbé ojú sókè. Ó wo Fiacre láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ta lo mú wá?”

“Àbúrò mi ni, Ìyá.”

“Ìyá kan náà?”

Eustache rẹ́rìn-ín. “Ìkòkò kan náà, Ìyá. Ibi tí mo ti jẹun lòun náà ti jẹun.”

“Hẹ́n,” ni Ìyá Berthe wí. “Ìkòkò kan náà.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òògùn kì í sọ ohun tí a kò bi í.

Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, ó mú egbò igi kan jáde tí kò ju ìka ọmọdé lọ. Ó ní kí Eustache máa fi sábẹ́ ahọ́n. Ó wá ka èèwọ̀ rẹ̀ fún un, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa ní òun ò gbọ́.

“Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tí o kò bá rí ojú rẹ̀, bó bá pè ọ́, má jẹ́ ẹ. Ìbáà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé, ìbáà jẹ́ ojú àlá, ìbáà jẹ́ inú pọ́tábù tí ẹ ń gbé kiri yẹn. Bí o bá jẹ́ ẹ, egbò yìí á bọ́, ohùn náà á sì bá a lọ.”

Àánú ara rẹ̀ ṣe Eustache. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún yìí wá, bí kì í ṣe kó máa jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí? Ó yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó nà án sí Fiacre.

“Àbúrò, gbà á. Ìwọ ni kó o máa bá mi dáhùn títí ọjọ́ á fi pé.”

Fiacre fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

Nílé, Gracia ìyàwó Eustache ti wọ aṣọ funfun ìjọ rẹ̀, ó tan àbẹ́là sígun yàrá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tàn án, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn kò fẹ́. “Bàbá Océane,” ló sọ fún ọkọ rẹ̀, “ilé ni ewu yìí wà.” Eustache ní ọyẹ́ ló pa àbẹ́là.

*

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Fiacre wà ní Sakété, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Léonce ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ín. Òun ló di ẹnu ẹ̀gà. Òun ló mú ìlàjì ohùn Eustache.

“Wọ́n ti fún un lóògùn,” ni Fiacre wí. “Wọ́n sì ti ka èèwọ̀ fún un. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí.”

Léonce kò bínú. Ó ń fọ eyín rẹ̀ pẹ̀lú pákò. “Ta ló lè pè é tí kò ní rò ó kó tó dáhùn?”

Kí n má purọ́ mọ́ Fiacre, ó ro ọ̀rọ̀ náà, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ tí Eustache sọ fún un nínú yàrá rédíò pé, “Bí mo bá lọ, a jọ lọ ni.” Eustache lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pè é, kó wá máa di gbohùngbohùn mú níbi ìpàdé. Léandre kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. “Ẹni wáyà” ló ń pè é. Bó bá sì ti fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sun Eustache, èsì kan náà ni: “Ó kù díẹ̀, àbúrò.” Ọdún kan gbáko ni díẹ̀ náà fi kù.

“Ìyá rẹ̀,” ni Fiacre wí. “Ọjọ́ tí ìyá náà ń kú lọ, ó pè é pè é. Fòfó wà lórí rédíò, ó ń ka ìròyìn. Kò bá a láàyè. Títí dòní, bó bá rántí, á sunkún.”

“Òkú ni?” Léonce tu itọ́ pákò dànù. “Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé ohùn rẹ̀ wà?”

Ó wà. Ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn ni Eustache mú ẹ̀rọ wá sílé láti gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀, Fiacre ló sì di ẹ̀rọ náà mú. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ní rédíò Pobè títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Fiacre mú un jáde nínú àpò rẹ̀. Léonce bu nǹkan dúdú nínú ìkarahun ìgbín, ó fi ra á yí ká, ó ń sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Yàrá náà tutù lójijì.

“Ẹnikẹ́ni tí ohùn yìí bá dárúkọ rẹ̀, tó sì jẹ́ ẹ, á fi ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀,” ni Léonce wí. “Orúkọ ẹlòmíràn kò sí nínú rẹ̀?”

“Kò sí. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.”

Lóòótọ́ ló gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú kan náà ló sì gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ̀ẹ̀ta.

“Má fọ́ ọ, má sì sun ún, kó má bàa padà sí ọ lára. Bí o bá lò ó tán, dá a padà síbi tó ti ń sùn.”

*

Ọjọ́ àríyànjiyàn pé. Ó ku ọjọ́ méjì kí èèwọ̀ tán. Eustache ti bá Josiane sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń darí ètò náà ní rédíò Sakété, pé kí ó máa gba ìpè àwọn ará ìlú fúnra rẹ̀, kó sì máa tún ìbéèrè wọn bi òun, ojú kojú. Josiane gbà. Ẹni tó máa ń di ẹ̀rọ wọn mú ń ṣàìsàn lọ́jọ́ náà, wọ́n sì yá Fiacre. Inú Eustache dùn. Ó ní ó kéré tán, ará ilé òun wà lẹ́yìn gíláàsì.

Martial dé, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. “Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun ń dà yín láàmú. Oyin ni kẹ́ ẹ máa lá o. Kò dùn mọ́ mi láti bá ẹni tí ara rẹ̀ kò yá jà.” Eustache wo ojú rẹ̀ títí, ó ń wá ìkà nínú rẹ̀, kò rí i.

Wọ́n fi kásíkì tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn láti inú ẹ̀rọ sétí. Egbò wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jáde bí ti àtijọ́, ó mọ́, ó rinlẹ̀. Ìbéèrè kìíní, ó dáhùn. Ìkejì, ó pa Martial fúnra rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ní ọjà Pobè, wọ́n ní àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ síwájú rédíò. Josiane ka ìbéèrè kẹrin. Eustache la ẹnu.

“Àjàmú!”

Inú kásíkì Eustache nìkan ni. Josiane kò gbọ́, Martial kò gbọ́.

“Àjàmú o! Níbo lo wà, ọkọ mi?”

Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀bọ́lọ̀ gba inú yàrá náà kan. Bí ẹnì kan bá ní Eustache kò rántí èèwọ̀, irọ́ ni. Ó rántí. Ó rántí Issaba, ó rántí ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó fi eyín tẹ egbò náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méje ni ìpè tí kò jẹ́ yẹn ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, obìnrin náà sì tún ti ń pè é, gẹ́gẹ́ bó ṣe pè é lọ́jọ́ náà, òun náà sì tún wà níwájú míkírò bí ó ṣe wà lọ́jọ́ náà. Ọmọ wo ló lè kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?

“Mo ń gbọ́ o,” ni Eustache wí. “Ìyá mi, mo ń gbọ́.”

Egbò bọ́ sórí tábìlì. Láti Pobè títí dé Sakété ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, gbogbo wọn sì dúró kí wọ́n gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Kò sí èyí tó tẹ̀lé e. Eustache ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Ó yíjú sí gíláàsì láti bẹ Fiacre kó gba òun.

Fiacre tẹ orí ba. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ.

*

Dókítà wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n ní ó mọ́ tónítóní. Léandre wá kí i lẹ́ẹ̀kan, kò jókòó. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìròyìn fi dé pé Fiacre ti gba ipò náà. Ó ṣe tán, Fiacre gbọ́ Ànàgó, ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí Eustache máa ń sọ, fóònù tí gbogbo ayé fi ń wá Eustache sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dá fóònù náà padà. Kò yọjú sí ilé náà mọ́.

Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Eustache kò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Ọjọ́ kẹrìnlá ló mọ̀. Ó jókòó sí ìta, ó ń gbọ́ ìpè náà nínú orí rẹ̀ lákọ̀tun, bí oníròyìn ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Lẹ́yìn “Àjàmú” kejì, àkùkọ kan kọ. Ọ̀kadà kan sì kọjá. Òkú kì í mú àkùkọ dání. Òkú kì í gun ọ̀kadà. Ó mọ àkùkọ yẹn. Ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn ló ti bínú sí i pé ó ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ẹni kan ṣoṣo ló sì di ẹ̀rọ mú lọ́jọ́ náà.

Eustache fi àtẹ́lẹwọ́ bojú, ó sunkún láìsí ohùn. Ìyà ohùn tó sọnù kò tó ìyà èyí. Ká ní Martial ló ṣe é, ì bá rọrùn. Ọ̀tá ni ọ̀tá ń jẹ́. Èyí mọ ibi tí ó ń dùn ún jù, nítorí òun ló di í mú lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá.

Gracia bá a lọ sí Issaba, ó sì fi ẹnu tirẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá Berthe gbọ́ ọ tán, kò yà á lẹ́nu.

“Mo bi í. Ó ní ìkòkò kan náà.” Ó ṣa ekùrọ́ díẹ̀. “Ìpè yẹn ló gba ohùn náà. Ebi sì ń pa ìpè ọ̀hún lọ́wọ́ báyìí, kò mọ ẹni tó ni ín mọ́. Ẹni tó bá tún dárúkọ rẹ̀...”

“Ìyá, ṣé ohùn ọkọ mi á padà?”

“N ò sọ bẹ́ẹ̀.”

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, Eustache wọ rédíò Pobè. Gbogbo wọn káàánú rẹ̀, kò sí ẹni tó bi í ní ohun tó ń wá. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú dúrọ́ọ̀, níbi tó ti ń sùn, àkọlé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sì wà lára rẹ̀: *Ìyá mi*. Ó ń rùn bí ewé tó jóná.

Ó gbé ẹ̀rọ àtijọ́ sórí tábìlì nílé. Ó gbọ́ ojú kìíní: àkùkọ, ọ̀kadà, Àjàmú. Ohùn náà kò rí nǹkan gbà lára rẹ̀ mọ́. Bó ti parí, ó yọ ọ́, ó yí i padà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ máa gbọ́ apá kejì. Fiacre wà lára àwọn tó kọ́.

Ó gbọ́ apá kejì, ara rẹ̀ sì tutù láti orí dé ẹsẹ̀.

Gracia náà gbọ́ ọ. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Bàbá Océane, ẹ má ṣe é. Kò ní í dá tiyín padà. Ẹ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.”

Eustache fa ìwé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Ó mọ̀ pé Ìyá pè mí lọ́jọ́ tó kú.*

Gracia kà á. Ó jẹ́ kí ọwọ́ náà lọ.

Ó gba fóònù Océane ọmọ wọn, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí ẹnìkankan kò mọ̀. Ó tẹ nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an, èyí tó wà lọ́wọ́ Fiacre, ó fi fóònù náà sẹ́bàá ẹ̀rọ. Ó ń dún. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, kò sì tẹ̀ ẹ́. Ó rí Fiacre nínú ọkàn rẹ̀, lọ́dún àkọ́kọ́, tó ń lá ìdí ìkòkò, tí ìyá ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó ti fẹ́ gbé ìka náà kúrò. Kì í ṣe irọ́, ó ti ń gbé e kúrò.

Wọ́n gbé e lódìkejì. Ariwo ìpàdé wà lẹ́yìn, èèyàn ń kọrin Léandre. Ohùn kan ké, ó dá ṣáká, ó yọ̀ mọ́ ara rẹ̀:

“Mo ń gbọ́ o!”

Eustache tẹ bọ́tìnnì.

“Àkàndé!” ni ìyá wí. “Àkàndé ọmọ mi! Ìwọ dà?”

Eustache ń gbọ́ mímí Fiacre. Orin Léandre jìnnà, bí ẹni pé ẹni náà ti rìn jáde láàárín èrò, láti wá ibi tó dákẹ́.

“Àkàndé o!”

“Ìyá?” ni Fiacre wí, ohùn rẹ̀ kéré. “Ìyá, mo ń bọ̀.”

Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. Ó ń mí, Eustache náà ń mí. Wọ́n wà lórí fóònù kan náà, àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ sí ẹnì kejì nínú wọn. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lọ. Ṣíbí kan dún lára ìkòkò, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín bó ti máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ń ṣe bí ẹni tó bínú.

“Àjàmú! Àkàndé! Oúnjẹ ń tutù. Ẹ̀yin méjèèjì, mo pè yín títí. Àbí ẹ ò lẹ́nu ni?”